Ọjọ́ Orí Bọ́ọ̀lù

Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Karùn-ún, 2024

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Lùsákà níbẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ. Táyé ìkejì rẹ ń kí ọ. Mutmainnah ọmọ rẹ̀, tó ń fi fóònù ya lẹ́tà yìí kó tó fi ránṣẹ́, náà ń kí ọ. Ó ní kí ló dé tí o kò lè máa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń ṣe. Mo ní kó lọ bi òòlù tí mo fi na ara mọ́tò láti ìgbà èwe mi, pé ibo ló gbé etí mi lọ. Kíkọ ni kí o máa kọ ọ́, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọmọ, a wò ọ́. Gbogbo àdúgbò ló kó ara wọn lọ sí ibi tí Jàmíù ti ń fi bọ́ọ̀lù hàn, èmi ni wọ́n sì fi sí iwájú bíi bàbá ìyàwó. Nígbà tí o gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé, n kò gbọ́ ariwo kankan, àga tí mo jókòó lé ló gbọ̀n. Nígbà tí o gbá ìkejì wọlé, wọ́n gbé èmi àti àga pọ̀.

Mo rò pé ife ti di tiwa. Mo ti ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n pé ibo ni wọn yóò ti gbé e jáde. Jàmíù ló wá kọ ọ́ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbá fáínà yìí, pé ẹ gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn ará Tùnísíà náà nílé wọn kí wọ́n tó ka góòlù pọ̀. Mo ní irú ìjàkadì wo nìyẹn, tí ẹni tó ti dá ọ̀tá rẹ̀ yóò tún máa tẹ̀lé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n mo rántí ọdún 1984, nígbà tí Shooting, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ìbàdàn wa, gbá irú rẹ̀, tí a wọ mọ́tò lọ sí Èkó tayọ̀tayọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Ìbàdàn. Nítorí náà àdúà ni mo ń ṣe.

Ó ti di ọdún karùn-ún tí o ti ń sọ pé o ń bọ̀, pé kí o kọ́kọ́ gba ife kan ná. Iléyá ti sún mọ́lé. Bí ife bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, n kò fẹ́ gbọ́ àwáwí mọ́. Ìyá rẹ ti ń gbálẹ̀ yàrá rẹ.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Àwọn rédíò wá sílé wa lánàá. Wọ́n kọ ìbéèrè sórí ìwé fún mi, mo fi ẹnu dá wọn lóhùn. Mo sọ bí a ṣe bí yín lọ́dún 1990, lọ́sẹ̀ tí àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba tí kò ṣeé ṣe fún wọn, tí ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni mo fi sáré lọ pe agbẹ̀bí. Mo fa Táyé síwájú wọn. Ó ní ìwọ lo rán òun níṣẹ́ pé kí òun lọ tọ́ ayé wò, ìwọ sì ni ẹ̀gbọ́n òun, pé ọmọ òun àkọ́kọ́ ti ń ṣe ìdánwò àṣejáde. Wọ́n ya gbogbo wa ní fọ́tò. Ìyá rẹ nìkan ni kò dúró, ó ní orí ń fọ́ òun.

Èmi bàbá rẹ tí àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ kí láti àná,
Àkíbù


Lùsákà
15 oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo kí ìyá mi àti Táyé. Ẹ má bínú pé ìkíni mi kò gùn.

Bàbá, fọ́tò yẹn ti dé Tùnísíà. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ẹgbẹ́ tí a jọ ń gbá fáínà. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí rédíò, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Àná ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn mí níwájú àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà pé mo parọ́ ọjọ́ orí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ti etí ìta dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ìdí bọ́ọ̀lù, ọjọ́ orí méjì là ń ní, èyí tí ìyá ẹni mọ̀ àti ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo ń kúrò nílé, mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Adéníyì tó mú wa jáde ní kò sí ẹgbẹ́ tí yóò fojú kan ọmọkùnrin tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀, ó sì yọ ọdún méje kúrò. Bó ṣe yọ tèmi náà ló yọ ti gbogbo wa tí a jọ wọ mọ́tò. Ìyá mi mọ̀. Èmi ni mo ní kí ó má sọ fún yín, nítorí mo mọ irú ènìyàn tí ẹ jẹ́.

Níbí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí. Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn aṣọ mi. Kò sí òyìnbó tàbí Lárúbáwá tó mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ, àfi ìgbà tí ẹ fa Táyé jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ti fẹ́ wọ yunifásítì. Kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ bi mí? Ṣé bí rédíò bá ti dé, dandan ni kí ènìyàn ro gbogbo ẹjọ́ ilé rẹ̀ ni?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín,
Kẹ́hìndé


Bẹyẹrúnká
Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Karùn-ún

Kẹ́hìndé,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé. Mutmainnah fẹ́ fi pamọ́ fún mi, ojú rẹ̀ ló tú u fó.

O ní èmi ni mo ba tìrẹ jẹ́. Kí ni mo sọ? Mo sọ ọjọ́ tí a bí ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì gbọ́ pé bàbá jẹ̀bi ìyẹn. Gbogbo Bẹyẹrúnká ló jẹ ẹran ìsọmọlórúkọ yín, àwọn tó jẹ ẹ́ ṣì wà láàyè, wọ́n ń rìn kiri. Ṣé kí n lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pọ̀ ọ́ jáde ni?

Ọdún méje tí Adéníyì yọ, ta ló gbé e fún? Nínú ọdún méje yẹn ni o rìn, tí o sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ni o fi ẹsẹ̀ gún irin ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo gbé ọ sẹ́yìn sáré títí dé ọsibítù, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ fi ba gbogbo aṣọ mi jẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn náà lo fi gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Bí ọdún yẹn kò bá sí, ẹsẹ̀ ta ni?

Mo bi ìyá rẹ. Kò purọ́ fún mi, ó kàn ń mi orí. Ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀yin méjèèjì fi ń fi mí ṣe ọmọdé nínú ilé tí mo fi ọwọ́ mi kọ́. Ó dùn mí, Kẹ́hìndé. Ó dùn mí ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹni bá burú títí, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ. Láti ìdájí ni mo ti ń rò ó. Sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi. Bí ó bá jẹ́ pé kí n wá sí Tùnísíà wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn ni, màá wá.

Bàbá rẹ,
Àkíbù


Lùsákà
19 oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ẹ foríjì mí, ìbẹ̀rù ló mú mi kọ ohun tí mo kọ níjọ́sí.

Ọ̀la la ó wọ bàálù lọ sí Tùnísíà, Sátidé sì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ wa ní ohun kan ṣoṣo ló kù. Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni kí a ti tún un ṣe. Kí ẹ padà lọ sí rédíò yẹn kan náà, kí ẹ sọ pé Kẹ́hìndé tó jẹ́ ìkejì Táyé ti lọ wá igi láti kékeré, pé kò sí láyé mọ́, pé ẹ̀yìn ọdún méje ni ẹ bí èmi, ẹ wá fi orúkọ rẹ̀ pè mí kí ọkàn ìyá mi lè balẹ̀. Kí ẹ ní ayọ̀ ló pọ̀ lápọ̀jù fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ fi pa ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú ni yóò jẹ́, pé kò sí ọmọ Ìbàdàn tí yóò gba irú rẹ̀ gbọ́. Bàbá mi, kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn ló ń dá ẹjọ́ náà. Wọn kò mọ Ìdòwú, wọn kò mọ Àlàbá.

Mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí. N kò kọ́ṣẹ́ kankan, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ ní kí n wá kọ́ páńẹ́lì nígbà náà, mo ní bọ́ọ̀lù ni. Bí n kò bá gbá ti Sátidé, irú fáínà yìí kò ní rí mi mọ́ láyé, wọn yóò sì lé mi kúrò nídìí bọ́ọ̀lù pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, kó má kọjá Ọjọ́rú. Ẹ má jẹ́ kí Táyé bá yín lọ.

Ọmọ yín,
Kẹ́hìndé


Bẹyẹrúnká
Ọjọ́rú, 22 oṣù Karùn-ún

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Ara rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ gúnlẹ̀ láyọ̀? Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe.

Mo fi lẹ́tà rẹ han ìyá rẹ. Ó kà á tán, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo wo ẹnu rẹ̀ kí n lè rí ohun tó ń sọ. Ó ní, “Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo bí wọn. N kò ní sin ọ̀kan nínú wọn nítorí bọ́ọ̀lù.” Ó wọ yàrá rẹ tó ti ń gbá, ó ti ilẹ̀kùn. Táyé ní tirẹ̀ bi mí pé tí òun bá jí lọ́la, kí ni òun yóò máa jẹ́. Mo ní kó ní sùúrù, pé ẹnu lásán ni.

Jàmíù ló fi ọ̀kadà gbé mi lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adéyẹ́misí ló jókòó tì mí ní ilé rédíò, ó ń kọ ìbéèrè sílẹ̀ fún mi bíi ti àkọ́kọ́. Mo wí i. Mo ní Kẹ́hìndé lọ wá igi, kò tíì pé ọdún kan. Ọlọ́run ṣàánú mi, n kò gbọ́ ohùn ara mi nígbà tí mo ń wí i. Ojú ọmọbìnrin yẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti jáde lẹ́nu mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó kọ “ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá” sísàlẹ̀ ìwé tó ń kọ ìbéèrè sí.

A dé Oríta-mẹ́rin, ẹni tí n kò mọ̀ rí ń bá mi kẹ́dùn. A dé Bẹyẹrúnká, kò sẹ́ni tó kí mi. Agbẹ̀bí yín ṣì wà láàyè, o mọ̀. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó rí mi, ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó wọlé.

Ó ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ. Gbá a débi tí yóò fi tó ohun tí mo wí.

Bàbá rẹ,
Àkíbù


Tunis
26 oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnira, ẹ kú ìrójú. Mo mọ̀ pé ẹ ti wò ó, ẹ sì ti ń wá mi kiri nínú àwọn tó wà lórí pápá.

Wọn kò jẹ́ kí n gbá a. Àjọ ní àwọn ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ, àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò bó bá yá. Kóòṣì wa wá bẹ̀rù pé bí mo bá gbá a tí a sì gba ife, wọn yóò tún gbà á lọ́wọ́ wa. Ó ní kí n dúró sí òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá ni mo ti wò ó, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń sọ ọ́, mo pa ohùn rẹ̀. Ṣé bí ẹ ṣe máa ń wò ó nìyẹn?

Góòlù kan wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Ìkejì wọlé, àwa pẹ̀lú wọn wá dọ́gba. Nígbà tó ku díẹ̀ kí fèrè dún, ìkẹta wọlé láti ibi tí mo máa ń dúró sí gan-an nígbà tí wọ́n bá gbá kọ́nà, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Góòlù méjì tí mo gbá wọlé ní Lùsákà kò jámọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù padà dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹgbẹ́ ti ní kí n lọ kó ẹrù mi.

Agbẹjọ́rò ní ọ̀rọ̀ yín ṣì lè yọ mí, bí ẹnikẹ́ni kò bá tako ó. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní Màláwì ní àwọn yóò gbà mí bí mo bá bọ́ nínú ẹjọ́ yìí. Nítorí náà, bàbá mi, n kò lè wálé fún Iléyá. Bí ẹnikẹ́ni bá ya èmi àti Táyé pọ̀ ní fọ́tò, ó parí. Ẹ sọ fún Mutmainnah kó yọ gbogbo fọ́tò mi tó gbé sórí fóònù. Kí Táyé náà má ṣe kọ̀wé sí mi fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọ yín


Bẹyẹrúnká
Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Kẹ́hìndé,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí mo ti kọ lẹ́tà kan sí ọ, Mutmainnah ní o ti rí i, o kò fèsì. Bóyá èyí tí mo kọ́kọ́ kọ le jù. Mo fi èyí bẹ̀ ọ́.

Máa bọ̀ nílé. Màláwì wo lo tún fẹ́ lọ? Bí o bá fọwọ́ sí i, kíá ni màá padà lọ bá Adéyẹ́misí, màá sọ fún gbogbo ayé pé irọ́ ni mo pa, ọmọ mi wà láàyè. Kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́. Àgbàlagbà tó ti dití, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Kí àwọn alábọ́ọ̀lù lé ọ, kí ìwọ wá jókòó sí ìdí ohun tí Ọlọ́run bá fi sí iwájú rẹ. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà níbẹ̀. O ti dàgbà láti kọ́ṣẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n a kì í dàgbà jù láti wà nílé bàbá ẹni.

Ìyá rẹ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. O lè ní kí ló kan adití nínú ìyẹn. Tẹ́lẹ̀, bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á fọwọ́ kan mí léjìká kí n lè wo ẹnu rẹ̀. Ejìká yẹn náà ni mò ń sọ.

Fèsì, bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Bàbá rẹ,
Àkíbù


Blantyre, Màláwì
12 oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo ti fọwọ́ síwèé níbí. Wọ́n ní ẹjọ́ náà yóò wọlẹ̀ láìpẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ sí rédíò kankan mọ́. Bí ẹ bá yí ohùn padà, èmi ni yóò pa. Ọdún mélòó ló kù tí mo lè fi gbá bọ́ọ̀lù? Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí dìgbà náà.

Mo ti rí lẹ́tà Táyé. N kò ní lè fèsì. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ yín


Bẹyẹrúnká
Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

O kú ọdún o. Ọlọ́run yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. N kò kọ orúkọ rẹ sókè lẹ́tà yìí, gẹ́gẹ́ bí o ti ń ṣe.

N kò lọ sí rédíò. Mo sọ fún Táyé pé o bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

A pa àgbò lánàá. Ilé kún, o mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyá rẹ bu ẹran fún gbogbo àlejò, ó bu fún èmi náà, ó gbé e kalẹ̀. Ọ̀sán ni àwọn ará Pópó Yemọja wá bá wa ṣọdún, wọ́n mú áfáà tuntun kan dání, ọmọdé ni, kò tíì pẹ́ tó dé àdúgbò wọn. Ó káwọ́ sókè, ó ń ṣe àdúà. Gbogbo wa káwọ́ sókè. O mọ̀ pé mo ti kọ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Bí mo bá rí i pé ẹnu áfáà dúró díẹ̀, màá ṣe àmín, bó bá tún dúró, màá tún ṣe é. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lánàá, mo fi gbogbo ọkàn mi ṣe é, nítorí pé ìwọ ni mò ń rò.

Ìgbà tí mo gbé ojú kúrò lẹ́nu áfáà, Táyé kò sí níjòókòó mọ́. Ìyá rẹ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wò mí. Gbogbo ilé ló ń wò mí. Mo ní kí Mutmainnah kọ àdúà tí áfáà ṣe fún mi. Kò fẹ́ kọ ọ́, mo tẹnu mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ pé áfáà gbọ́ mi lórí rédíò, ó sì ní kí Ọlọ́run tẹ́ Kẹ́hìndé ilé yìí sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó padà wá sí ilé ayé ìyà yìí mọ́.

Mo bi í pé kí ló wá dé tí wọ́n fi ń wò mí. Ó kọ ọ́ pé èmi nìkan ni mo ṣe àmín. Ó ní ohùn mi lọ sókè gan-an.

Bàbá rẹ,
Àkíbù